Ìwé ilẹ̀ Sípéènì dé Ìkéré: bí ẹ ṣe lè ka vara, fanega àti caballería

Inú oṣù Ẹrẹ́nà ni ọmọbìnrin àbúrò mi, èyí tó ń gbé ní San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, fi àwòrán ìwé ilẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Bàbá Ìkéré, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó fowó sílẹ̀. Òǹkà inú rẹ̀ kò yé mi." Mo fi awò sójú, mo fa àwòrán náà tóbi. Ìwé ní ilẹ̀ ọ̀hún gùn ní 180 varas, ó sì fẹ̀ ní 144 varas. Kò dárúkọ ẹsẹ̀ bàtà, kò dárúkọ mítà.

Ọkọ rẹ̀ ti ṣírò tirẹ̀ ṣáájú. Wọ́n sọ fún un pé ọ̀pá ni vara túmọ̀ sí. Àwa náà ń fi ọ̀pá ka aṣọ, ọ̀pá aṣọ kan sì ni yáàdì kan. Bó ṣe sọ vara di yáàdì nìyẹn, tó rí éékà 5.36. Ọmọ tó gbọ́n ni, àmọ́ ọ̀pá àwọn ará Sípéènì kúrú ju ọ̀pá àwọn aláṣọ wa lọ. Ìṣirò rẹ̀ ti fi pulọ́ọ̀tì mẹ́rin ààbọ̀ tí kò sí níbì kankan kún ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fa ṣéènì tẹ̀lé àwọn sọ́féyọ̀, láti Ọ̀tùn dé Ìkéré, láti Ẹ̀fọ̀n dé Ọ̀mùò. Mi ò gbọ́ èdè Sípéènì o. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwọ̀n lè fi ojú èèyàn rí, nítorí náà mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, mo sì kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Texas, Kalifọ́níà àti Puerto Rico kì í ṣe kékeré mọ́. Ẹni tó bá bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ pàdé, kó wá ka èyí.

Ọ̀pá ta ni?

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá nínú ìwé náà kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ wá ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́ àti ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Láìsí méjèèjì, ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Ẹni tó bá ti ra ìrẹsì ní ọjà Ọba ní Adó mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Kóńgò kan ṣì wà bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́, òmíràn ti gba òòlù nídìí títí tó fi ràn sókè. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí vara ṣe rí ní Sípéènì àtijọ́ nìyẹn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní 1568, Ọba Felipe Kejì pàṣẹ pé vara ti ìlú Burgos ni kí gbogbo ayé máa lò. Àṣẹ ọba ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú kò ju ọ̀pá tiwọn nù. Vara Burgos yìí, tí wọ́n tún ń pè ní ti Castile, ẹkùn tí Burgos wà ní Sípéènì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 83.6. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ (pie ni wọ́n ń pe ẹsẹ̀ tiwọn, ó kúrú ju ẹsẹ̀ bàtà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò), tàbí palmo mẹ́rin (ọwọ́ tí a nà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín ni palmo).

Nígbà tí ọ̀pá yìí sọdá òkun, ó tún yí padà. Ti Mẹ́síkò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Ní Kalifọ́níà, ínǹṣì 33 ni wọ́n ń kà á sí. Ní Texas, ínǹṣì 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni, òfin ìpínlẹ̀ náà sì fìdí èyí múlẹ̀ ní 1919. Bí ẹ bá fẹ́ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ fi "b" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bara. Ìyàwó mi ní òun rò pé bàrà ẹ̀gúsí ni mò ń wọ̀n láti àárọ̀.

Ìṣirò

Ti Texas rọrùn ju bó ṣe dún lọ: vara 36 ni ẹsẹ̀ bàtà 100 géérégé. Ẹ sọ iye vara di púpọ̀ lọ́nà 100, kí ẹ wá fi 36 pín in. 180 varas di ẹsẹ̀ bàtà 500, 144 varas di 400. Ẹsẹ̀ bàtà 500 lọ́nà 400 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 200,000. Éékà kan jẹ́ 43,560, nítorí náà ilẹ̀ yẹn jẹ́ éékà 4.59. Ní pulọ́ọ̀tì tiwa, èyí tó jẹ́ 60 sí 120, ó kù díẹ̀ kó pé 28.

Mo bá ọmọ wa ṣe é lọ́nà méjì sí i kó lè rí ohun tí mò ń sọ. Ká ní Kalifọ́níà ni wọ́n ti kọ ìwé kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, éékà 4.5 ni ì bá jẹ́. Ká ní Castile ni, kò ní pé 4.48. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ ínǹṣì kékeré, nígbà tó bá fi òró àti ìbú rìn, ó lè gbé ibi ìdáná àti ilé adìyẹ lọ.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Ẹ máa rí "legua" nínú àwọn ìwé ńlá. Legua jẹ́ ìwọ̀n ọ̀nà, 5,000 varas, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fi orúkọ yìí kan náà pe ilẹ̀ tó jẹ́ 5,000 varas ní òró àti ní ìbú. Èyí, ní Texas, jẹ́ éékà 4,428. Bí ìwé bá ní wọ́n fún ẹnì kan ní legua méjì, ẹ má ṣe lọ fa legua méjì lóròó, méjì níbùú. Mẹ́rin nìyẹn. Ilẹ̀ legua kan lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ní lọ́kàn. Orúkọ míì tí wọ́n ń pè é ni "sitio", ibi tí màlúù àti ẹṣin máa jẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kékeré ni "labor", 1,000 varas ní òró àti ní ìbú, éékà 177, ilẹ̀ oko. Labor mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wọ inú sitio kan. Nígbà tí Texas ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò, òfin 1825 sọ pé olórí ìdílé tó ń dáko gba labor kan, èyí tó bá tún ń sin ẹran ni wọ́n máa ń fi mẹ́rìnlélógún kún tirẹ̀ kó lè pé sitio. Ẹni tó ní màlúù ni wọ́n gbé ga ju ẹni tó ní ọkọ́ lọ.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi irúgbìn wọ̀n

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi kò mọ éékà. Bó bá gba lébìrà sóko iṣu, igba ebè ló máa ń bá wọn sọ. "Igba márùn-ún ni mo fẹ́ kọ lọ́dún yìí." Gbogbo ilé ti mọ bí oko ṣe máa tóbi tó, a sì mọ iye owó tó máa jáde. Bẹ́ẹ̀, igba ebè ní àkùrọ̀, níbi tí a ti ń kọ ebè ràgàjì kí omi má bàa ra iṣu, máa ń gba ilẹ̀ ju igba ebè orí òkè lọ. Kò sẹ́ni tó rí i bí àṣìṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Fanega àwọn ará Sípéènì jọ ọ́ gan-an. Ohun ìwọ̀n ọkà ni fanega kọ́kọ́ jẹ́, ní Castile ó máa ń gba bíi lítà 55 ààbọ̀. Ilẹ̀ tí fanega irúgbìn kan bá tó gbìn ni wọ́n wá ń pè ní fanega ilẹ̀. Wọ́n pín in sí méjìlá, ìpín kan ń jẹ́ celemín, orúkọ igbá ìwọ̀n ọkà kékeré. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "tres fanegas" nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo gbólóhùn tó yí i ká. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ tí àgbẹ̀ tó yá ilẹ̀ dáko ń san, àlìkámà tàbí ọkà bálì nínú àpò lè ni. Bí wọ́n bá ń sọ ibi tí ààlà gbà, ilẹ̀ ni.

Ìwọ̀n tí àwọn akọ̀wé ọba lò fún fanega ilẹ̀ ní Castile jẹ́ estadal onígun mẹ́rin 576. Estadal jẹ́ vara mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ di vara onígun mẹ́rin 9,216, ìyẹn bíi mítà onígun mẹ́rin 6,440. Ní Ìkéré, pulọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án ààbọ̀ ó lé díẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún gbogbo Sípéènì. Fanega ẹkùn kan kì í ṣe ti ẹkùn kejì, kódà ìlú méjì tó múlé ti ara wọn lè yàtọ̀. Nígbà tí ìjọba wọn ṣòfin mítà ní 1849, wọ́n ní láti gbé tábìlì jáde ní 1852 láti sọ ohun tí ìwọ̀n àtijọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ní mítà. Tábìlì yẹn ni kí ẹ bèèrè bí ìwé yín bá wá láti Sípéènì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ ẹkùn náà gan-an.

Ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀

Caballería wá láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣin, peonía wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí wọ́n bá gba ìlú tuntun ní Amẹ́ríkà, ìpín tó bá ipò ẹni mu ni wọ́n máa ń fúnni. Òfin Ọba Felipe ti 1573 ka peonía kalẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù ìyàwó: ilẹ̀ ilé kan, ọgọ́rùn-ún fanega fún àlìkámà tàbí bálì, mẹ́wàá fún àgbàdo, ilẹ̀ ọgbà, àti pápá tó máa gba abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wàá, màlúù ogún, abo ẹṣin márùn-ún, àgùntàn ọgọ́rùn-ún àti ewúrẹ́ ogún. Ohun tó mú mi pariwo nínú yàrá ni ìwọ̀n ilẹ̀ ilé náà: ẹsẹ̀ 50 níbùú, 100 lóròó. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100! Èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń tà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dòní. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wọn la ti rí i o, ẹsẹ̀ tiwọn náà sì kúrú ju tiwa lọ. Ẹlẹ́ṣin gba ilẹ̀ ilé 100 sí 200, ó sì gba ìlọ́po márùn-ún nínú ìyókù. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dáko, kí wọ́n lo ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó láṣẹ láti tà á.

Nígbà tó yá, caballería kúrò ní ìpín ọmọ ogun, ó di ìwọ̀n ilẹ̀ lásán. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Mẹ́síkò ó jẹ́ bíi hẹ́kítà 42.8. Ní Kúbà, 13.4. Ní Puerto Rico ó jẹ́ igba cuerda, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hẹ́kítà 79. (Cuerda, tí ó túmọ̀ sí okùn, ni wọ́n ṣì fi ń ta ilẹ̀ ní Puerto Rico. Ó kéré sí éékà díẹ̀, 0.97.) Ẹni tó bá ra caballería Kúbà pẹ̀lú ọkàn pé ti Puerto Rico ni, ó ti ra ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nọ́ńbà

Ó yẹ kí n ti fi èyí síwájú, àmọ́ àwọn sọ́féyọ̀ kì í lè mú ọwọ́ kúrò lára nọ́ńbà. Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Ilẹ̀ tó pé ní ìwọ̀n, tí ẹni tó ń tà á kò láṣẹ lé lórí, ẹ mọ̀ ọ́n ní Èkìtì, n kò ní ṣàlàyé.

"Merced" ni ẹ máa rí jù lọ: ẹ̀bùn ọba. "Realengo" jẹ́ ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ọba, bí òfin ilẹ̀ wa ti 1978 ṣe fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. "Composición" máa pa yín lẹ́rìn-ín. Láti 1591, ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ láìní ìwé tó dájú lè san owó fún ọba kí wọ́n fún un ní ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó ilẹ̀ fún ẹbí lẹ́ẹ̀kejì mọ bó ṣe máa ń rí lára. Ìwé tó bá ní composición nínú lágbára, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ fún yín pé ìgbà kan wà tí onílẹ̀ yẹn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

"Ejido" ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni, lẹ́yìn odi, níbi tí ẹran ti ń jẹ̀ tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹnì kan kì í tà á. Mẹ́síkò tún gbé orúkọ yìí dìde lẹ́yìn òfin 1917 wọn fún ilẹ̀ tí wọ́n pín fún àwọn abúlé, títí di 1992 kò sì sí ẹni tó lè tà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ejido fún yín, ìbéèrè tí ẹ máa bi olórí ẹbí níbí ni kí ẹ bi í: ta ló rán ọ? "Encomienda" pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ rò pé ilẹ̀ ni. Kì í ṣe ilẹ̀. Àṣẹ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ àti iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílùú ni ọba fún àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ni wọ́n lára púpọ̀. Ìwé encomienda kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀.

"Suerte" dára. Ó túmọ̀ sí ìpín tàbí oríire, nítorí pé gègé ni wọ́n ṣẹ́ kí wọ́n tó pín irú oko bẹ́ẹ̀. Ó pọ̀ létí àwọn odò àgbẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń bomi rin oko ní San Antonio. Ẹ bèèrè bóyá ìpín omi wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti Catalonia, ẹkùn kan ní Sípéènì, wọ́n ní àdéhùn kan tí mo ronú lé lórí fún ọjọ́ mélòó kan: rabassa morta. Àgbẹ̀ máa gbin àjàrà sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ilẹ̀ náà á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí àjàrà yẹn yóò fi kú. Àwọn bàbá wa mọ irú ewu yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún àlejò pé kó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan kòkó àti obì. Igi tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń fẹ́ di ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbẹ̀ Catalonia ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí àjàrà má kú mọ́, títí kòkòrò phylloxera fi dé ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó pa àjàrà, tó sì pa àdéhùn.

Okùn àti ààlà

Níkẹyìn, ẹ má gbàgbọ́ pé nọ́ńbà inú ìwé àtijọ́ bá ilẹ̀ mu. Ní Kalifọ́níà, àwọn ẹlẹ́ṣin méjì ni wọ́n ń fi okùn 50 varas wọn ilẹ̀. Ọ̀kan á dúró ti igi, èkejì á sáré síwájú. Awọ ni okùn náà sábà máa ń jẹ́. Ìrì òwúrọ̀ máa ń mú un nà, oòrùn ọ̀sán á sún un kì, nítorí náà vara àárọ̀ gùn ju vara ọ̀sán lọ.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún kan wà tí téèpù wa já nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́bàá Ìgbàrà Odò, ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà sì ní ká fi okùn ọ̀rá parí rẹ̀. Èmi ni mo ń fà á, mo sì ń fà á dáadáa. Bí okùn ṣe ń nà, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ onílẹ̀ ń kéré nínú ìwé wa. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un wọ̀n, mo sì gbọ́ èébú.

Ìdí nìyẹn tí ààlà fi ga ju nọ́ńbà lọ. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ wá odò, àpáta, igi ńlá, òkìtì òkúta tí wọ́n ń pè ní mojón. Òun ni pèrègún tiwọn. Nígbà tí wọ́n bá fa ilẹ̀ lé ẹni lọ́wọ́, aṣojú ìjọba á dì í lọ́wọ́ mú rin orí ilẹ̀ náà, á fa koríko tu, á ju òkúta, kí gbogbo aládùúgbò lè rí i. Àkọsílẹ̀ èyí máa ń wà nínú ìwé náà, ó sì máa ń dárúkọ ẹni tó múlé tì í. Fún Texas, ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ní ìlú Austin ló ń tọ́jú àwọn ìwé èdè Sípéènì ìgbà yẹn. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mú sọ́féyọ̀ ìsinsìnyí dání.

Ọmọ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ́féyọ̀ wọn bá éékà 4.6 pàdé lórí ilẹ̀, ẹni tó ń tà á sì yọ owó díẹ̀ kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín lára, ẹ gé ọparun kan ní sẹ̀ǹtímítà 84.7. Vara Texas nìyẹn. Mo gé tèmi lọ́jọ́ Sátidé, mo sì fi wọn àyíká ilé mi níbí, pulọ́ọ̀tì 60 sí 120. Ó yẹ kí ìbú jẹ́ vara 21.6, ó pé bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí òró jẹ́ 43.2. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, 42 ààbọ̀ ni mo ń bá. Mo bá pèrègún tí bàbá mi gbìn lọ́dún náà lọ́hùn-ún, inú ọgbà aládùúgbò mi ló wà báyìí. Mo ti ní kí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé mò ń bọ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè, àti pé mò ń mú ọ̀pá dání.